Ẹ gba owó yín kí àwòrán tó kúrò nílé: ìmọ̀ràn fún akítẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ dá dúró

Ẹ̀yin àbúrò mi, iṣẹ́ ò wọ́n ní Ìbàdàn. Láti Mọ́níyà títí dé Omi-Àdió, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Owó ni kì í tètè dé ọwọ́ akítẹ́ẹ̀tì, òun ló sì máa ń ti ọ́fíìsì kékeré pa.

Ìwé ni kó ṣáájú ná. Kí ẹ ní orúkọ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí òfin 1969 dá sílẹ̀, kí ẹ sì forúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Òǹtẹ̀ tí ARCON bá fún yín, ẹ tì í mọ́ dúrọ́ọ̀. Àwọn tó ń yàwòrán láìní ìwé á wá bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣáà bá àwọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì mú nǹkan kékeré dání. Bí ilé náà bá wó, orúkọ ta ni wọ́n máa rí lórí ìwé? Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ẹ má tìtorí ẹ̀yẹ háyà ilé olówó ńlá. Sólà tó lè gbé kọ̀ǹpútà méjì ṣáájú àga aláwọ.

Lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà, mo ń gba 30% kí a tó fa ìlà kankan, 40% bí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí àwòrán àkọ́kọ́, 30% tó kù kí ìwé àwòrán tó jáde. Owó ẹnjiníà tó máa ṣírò irin, owó àyẹ̀wò ilẹ̀, owó ìjọba, ẹ kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á rò pé ẹ̀yin lẹ jẹ gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó san tán, PDF tí a kọ “kì í ṣe fún kíkọ́lé” gàdàgbà sí láàrin ni wọ́n máa rí. Fáìlì AutoCAD, èyí tí ẹlòmíràn lè tún àwòrán ṣe nínú rẹ̀, kì í jáde. Alhaji kan bi mí pé, “Àǹtí, ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń yà á?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún yín, kí ẹ sọ iye yàrá tí ẹ fẹ́ fún un.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó.

Ẹ má fi ẹnu oníbàárà wọn ilẹ̀. Ẹ mú ìwé ìwọnlẹ̀ (survey) àti téèpù dání, kí ẹ wá òpó tí awọnlẹ̀ rì mọ́ igun kọ̀ọ̀kan. Púlọ́ọ̀tì tí ọmọ onílẹ̀ tà pé ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50 lè jẹ́ 46. Bó tiẹ̀ pé 50, mítà 15 lé díẹ̀ ni. Bí òfin bá ní kí ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, mítà 9 ló kù, bí ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹ fa ìlà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú oníbàárà, kó fẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ yàrá márùn-ún àti BQ sílẹ̀.

Àwọn oníbàárà tó wà ní London tàbí Houston máa ń sanwó déédéé, ṣùgbọ́n àwọn náà ló lè kó yín sí wàhálà. Bí ará ilé wọn bá ti jẹ owó irin, wọ́n á ní kí ẹ̀yin gba owó náà, kí ẹ bá àwọn kọ́ ọ. Ẹ má gbà. Ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì bá gbówó lórí, ẹ̀yin lẹ máa di olè. Kí wọ́n sanwó tààrà fún oníbúlọ́ọ̀kù àti onírin. Tiyín ni kí ẹ dé sáìtì kí wọ́n tó da kọnkéré, kí ẹ ka irin, kí ẹ wo bó ṣe nípọn tó, torí mílímítà 16 ni àwòrán máa wí, 12 lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ ya fídíò, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an. Iye ìgbà tí ẹ máa dé sáìtì, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, àti iye tí wọ́n máa san bí wọ́n bá pè yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́máànù á ní ẹ ń ṣọ́ òun. Ẹ ṣáà kí i dáadáa, kí ẹ máa ka irin yín lọ.