Bí A Ṣe To Kàlẹ́ńdà Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Wa Lẹ́yìn Ìyanṣẹ́lódì Ọdún 2022

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń fi kún un, títí tí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ fi pàṣẹ lóṣù Kẹsàn-án pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, tí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lé àṣẹ yẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko ti lọ. Ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá, èmi ni Gíwá sì yàn ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò gbé ìwé àbá kàlẹ́ńdà tuntun síwájú Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àgbà tó ń pinnu ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe iṣẹ́ náà, nítorí mo gbà pé inú kàlẹ́ńdà ni èrò àwọn olórí yunifásítì ti ń hàn kedere jù lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn olùkọ́ mìíràn, rò pé ẹnì kan kàn ń jókòó ka ọ̀sẹ̀ ni.

Kí ìyanṣẹ́lódì náà tó bẹ̀rẹ̀, sáà kejì ọdún ẹ̀kọ́ 2020/2021 la wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré la sì ti fi kọ́ni nínú rẹ̀. A ti wà lẹ́yìn kí èyí tó dé, torí pé àrùn kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ọdún 2020 ti kọ́kọ́ gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wa. Ìlànà NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ni pé yúnìtì kan dúró fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Ohun tí ìyẹn ń wí ni pé a ṣì jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ 11. Gbèsè yẹn ni mo kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àbá náà kí n tó kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé ọ̀sẹ̀ kan kúrò lè sọ bí wákàtí tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe padà dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní láti mọ ẹni tó ni àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, ti Sẹ́nétì ni. Gíwá ni alága rẹ̀, Akọ̀wé Àgbà sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó, ti Ìgbìmọ̀ Alákòóso ni. Kàlẹ́ńdà wà láàárín àwọn méjèèjì, nítorí kò sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí kò ní owó nídìí: ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé ni omi àti iná gbọ́dọ̀ wà, lọ́dún yẹn sì rèé, owó lítà dísù kan ti ju 700 náírà lọ. Nítorí náà mo bẹ Bọ́ọ̀sà, ìyẹn olórí ọ̀rọ̀ owó ní yunifásítì, pé kí ó rán aṣojú wá sí ìgbìmọ̀ wa láti ìjókòó àkọ́kọ́, dípò kí a máa dúró de ìgbà tí ìwé bá ti pé kí a tó béèrè bóyá owó wà. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá wà ní irú ipò mi pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbá mẹ́ta ló jáde nígbà tí a jókòó. Àkọ́kọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹwàá, kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà parí ẹ̀kọ́, kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìdánwò, kí gbogbo rẹ̀ sì tán kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Àbá kejì ni pé kí a kọ́ ọ̀sẹ̀ 11 náà pé, kí ìdánwò wá bọ́ sí ìparí oṣù Kìíní. Ẹ̀kẹta, tí díìnì kan, ìyẹn olórí fákọ́tì kan, dá lábàá tó sì jà fún gidigidi, ni pé kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 11, kí ẹ̀kọ́ parí lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá, kí ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2023.

Gbogbo ènìyàn ló kọ́kọ́ fẹ́ràn àbá àkọ́kọ́, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Àwọn òbí ti ń pè, akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bínú, olórí sì ń fẹ́ sọ pé òun ti dá ọ̀rọ̀ náà padà bọ̀ sípò. Ìṣirò ló yí ìjókòó náà padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba yúnìtì 24, èyí tó pọ̀ jù lọ tí a gbà láàyè, ṣì ní wákàtí 264 láti gbọ́ nínú ọ̀sẹ̀ 11 náà. Bí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wákàtí 44 lọ́sẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa a máa ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀, a sì máa tì í láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èyí tó jẹ́ wákàtí 50 láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì; kò ní sí ibi tí iṣẹ́ láàbù yóò gbà, kò sì ní sí ìgbà tí ọmọ náà yóò ṣí ìwé. Bí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wákàtí 29 àti díẹ̀ ni. Ìyẹn nira, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Mo tẹ ìṣirò yìí sójú ewé kan ṣoṣo, mo fún olúkúlùkù ní tirẹ̀, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan gbè é lẹ́yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ dá àbá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun yí ọ̀rọ̀ òun padà. Àbá kẹta, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ni a mú.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ wo àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé. Mo gbàgbọ́ pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí kò bá jáde lọ wo nǹkan, ohun tí ẹlòmíràn bá sọ nìkan ni yóò máa kọ. Nílé àwọn obìnrin, ìyá tó jẹ́ pọ́tà níbẹ̀, tó ń mójú tó ilé náà, mú mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń tú jáde, omi pupa bí i ti ẹrẹ̀ tẹ̀ lé e, ó kán díẹ̀, ó sì dá. Koríko ti bo ọ̀nà tó lọ sí ìdí kànga ẹ̀rọ débi pé àdá ni a fi la á kọjá. Ìyá náà ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó àwọn ọmọ yìí dé sórí irú omi yìí o. Èmi ni wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn mọ́ lóru.” Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ ní kíkún, mo sì fi ṣọwọ́ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àti àtúnṣe. Èsì wọn ni pé àwọn lè tún mọ́tò tó ń fa omi ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí owó bá jáde lójú ẹsẹ̀. Aṣojú Bọ́ọ̀sà wà níbẹ̀, owó sì jáde.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọjọ́ tí a kọ sínú kàlẹ́ńdà láìkọ orúkọ ọ́fíìsì tí yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Kàlẹ́ńdà wa àtẹ̀yìnwá ní ìlà méjì, ọjọ́ àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo fi ìlà kẹta kún un, tí mo pè ní “Ọ́fíìsì tí yóò jíyìn”. Ní ọjọ́ ìwọlé, a kọ ẹ̀ka iṣẹ́ àti àtúnṣe síbẹ̀. Ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò gbọ́dọ̀ dé, olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó jọ ẹni tó ń ṣọ́ àgbàlagbà bí ọmọdé. Mo dáhùn pé ọ́fíìsì ni mo kọ, n kò kọ orúkọ ènìyàn, àti pé ẹni tí a kò sọ ohun tó kàn án fún ní gbangba ni a máa ń fi ẹ̀bi kàn lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò ló gbà wá lákòókò jù lọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Èsì kì í ti ọwọ́ olùkọ́ bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Olùkọ́ yóò máàkì, ìgbìmọ̀ olùdánwò ẹ̀ka yóò jókòó lé e, olùdánwò láti yunifásítì mìíràn yóò wá yẹ ti àwọn tó ń jáde wò, yóò dé fákọ́tì, kó tó kan Sẹ́nétì. Bí a kò bá ya àkókò sọ́tọ̀ fún gbogbo èyí, ọdún ẹ̀kọ́ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọ iṣẹ́ tó yege nínú rẹ̀ àti èyí tí yóò tún ṣe. Ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí a pè wá sí ìjókòó kan, ló mú wa rántí ohun mìíràn. Ó ní àwọn kan wà nínú àwọn tó ń jáde tí wọ́n ti ń lọ bá ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó bá sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gba oyè kò lè ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. A kọ ọ́ sínú àbá pé èsì àwọn tó ń jáde ni a ó kọ́kọ́ ṣe, kí Sẹ́nétì sì ṣe ìjókòó pàtàkì fún un kí ó tó gbọ́ ti àwọn yòókù.

Níbi tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀, a yà sí méjì. Ìdánwò yóò parí lọ́jọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2023. Àwọn kan ní kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọdún 2021/2022 sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù Kejì. Èmi àti díìnì tó dá àbá kẹta ní kí ó di ọjọ́ 13 oṣù Kẹta. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ti kéde tipẹ́ pé ọjọ́ 25 oṣù Kejì ni ìdìbò ààrẹ, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta sì ni ti gómìnà. Ta ni INEC máa ń kó ṣe olùkéde èsì ìbò bí kì í ṣe àwọn olùkọ́ yunifásítì? Àwọn gíwá fúnra wọn ni wọ́n ń kó èsì ìbò ààrẹ jọ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ìdìbò, ṣe bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tí kò sí olùkọ́ nínú rẹ̀ ni. Fákọ́tì iṣẹ́ àgbẹ̀ náà kín wa lẹ́yìn, nítorí àwọn ọmọ wọn tó wà ní ọdún kẹrin gbọ́dọ̀ wọ oko nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, kí ni wọn yóò gbìn?

Níwájú Sẹ́nétì, ẹnu kò kò. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan sọ pé ó burú kí ọmọ tó ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ tún lọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òótọ́ ni, n kò sì lè jà á níyàn. Ohun tí alága ìgbìmọ̀ wa fi dáhùn ni pé àwọn ọ̀sẹ̀ náà kì í ṣe ìsinmi fún yunifásítì, pé iṣẹ́ wà lójú ìlà kẹta fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì kà á sókè. Lẹ́yìn tí ó kà á tán ni wọ́n dìbò, Sẹ́nétì sì fọwọ́ sí i. Wọ́n yọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn sọ́tọ̀, torí pé kàlẹ́ńdà tiwọn kì í bá ti àwọn yòókù mu.

Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba san ààbọ̀ owó oṣù Kẹwàá fún àwọn olùkọ́, wọ́n ní iye ọjọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lóṣù náà ni. Ó dùn wọ́n, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n, nítorí wákàtí tí a fi kún iṣẹ́ wọn lọ́sẹ̀ kò ní owó kankan lórí. Gíwá pe àwọn aṣojú wọn, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò yan ìgbà tí àfikún wákàtí yóò wáyé, kì í ṣe ọ́fíìsì wa. Àwọn olùkọ́ sì kọ́ àfikún wákàtí náà. Gbèsè ọpẹ́ tí yunifásítì jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, kò sí kàlẹ́ńdà tó lè san án.

Ní oṣù Kejì, NUC pàṣẹ pé kí gbogbo yunifásítì wà ní títì láti ọjọ́ 22 oṣù náà sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta nítorí ìdìbò. Àṣẹ náà bá wa lẹ́nu máàkì ìwé, kò sí ọmọ kankan tí a ní láti lé kúrò ní ọgbà. Nígbà tí INEC sún ìdìbò gómìnà sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, a sún ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ 20, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀ ni ọ̀wọ́n owó náírà tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kìíní, gẹ́lẹ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń parí ìdánwò tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ lọ sílé. A fi àwọn tí kò rí owó ọkọ̀ sílẹ̀ sínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ọgbà títí wọ́n fi rí ọ̀nà lọ.

Bí a ti ṣe é tó yẹn, ọdún ẹ̀kọ́ 2021/2022 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, a ṣì wà lẹ́yìn. Sẹ́nétì ti ní kí ìgbìmọ̀ wa máa dá àkókò náà padà díẹ̀díẹ̀, kí a máa gé e lára ìsinmi tó wà láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan àti èkejì, kí a má ṣe fọwọ́ kan ọ̀sẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sì pàṣẹ pé kí ìwé àbá kàlẹ́ńdà kankan má dé iwájú àwọn láìní ìlà kẹta.