Ike omi mẹ́ta, yanrìn àti iyọ̀: bí a ṣe ń dán an wò bóyá èròjà nánò á gba inú ilẹ̀ kọjá

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé yanrìn ń sẹ́ omi bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Fún pàǹtírí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èròjà nánò kì í ju 100 nànómítà lọ (mílíọ̀nù kan nànómítà ló wà nínú mílímítà kan), àlàfo àárín wóró yanrìn tó fẹ̀ tó ìdajì mílímítà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1,000 rẹ̀. Àyè gbà á dáadáa. Ohun tó bá dúró sínú yanrìn, ṣe ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ló sì ń pinnu bóyá yóò lẹ̀.

Ẹ má ra èròjà nánò fún ìdánwò yìí. Kò dára kí ẹ̀tù rẹ̀ wọ imú. Amọ̀ Àkúrẹ́ tó. Wóró rẹ̀ tóbi jù nánò lọ, àmọ́ ohun kan náà ló ń darí wọn.

Ẹ wá ike omi lítà 1.5 mẹ́ta, yanrìn odò funfun, iyọ̀ ìsebẹ̀, káún díẹ̀, àti POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. Omi òjò ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé abọ́ sí gbangba fún un, torí ti orí páànù ti kó ìpẹtà. Omi kànga ti ní káàsíọ̀mù tirẹ̀ nínú, èròjà kan náà tó wà nínú POP.

Amọ̀ ló ń gba àkókò jù. Ẹ po ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ omi òjò lítà 4 nínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti gé orí rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ wá rọra bu sẹ̀ǹtímítà 10 òkè nìkan. Bí omi náà bá mọ́ gaara, amọ̀ ti dì, ó ti wọlẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó kan díẹ̀ sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi káún tí ìka méjì lè mú sí i, kí ẹ tún un pò. Bí káún bá pọ̀ jù, òun náà á di iyọ̀.

Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn ojú fèrèsé sẹ́ yanrìn, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ (ti odò Àlà láàárín ìlú lè pẹ́ o). Ẹ gé ìdí ike, ẹ fi aṣọ dí ọrùn rẹ̀, ẹ fi ìṣó lu ìdérí, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ inú ike, kí yanrìn lítà 1 tó tẹ̀ lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ìhó, èsì á dàrú.

Omi mẹ́ta ni ẹ máa pò, lítà 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:
A: omi òjò lásán.
B: omi òjò, pẹ̀lú ṣíbí tíì kan iyọ̀ tí kò ga sí lítà kan, nǹkan bíi gíráàmù 6.
D: ẹ po ṣíbí POP 2 mọ́ lítà kan, kó silẹ̀. Ẹ bu 20cl lára èyí tó mọ́, kí ẹ fi omi òjò kún un di lítà kan; ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí ìdajì gíráàmù péré ló yọ́ sínú lítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ da lítà kan omi ike kọ̀ọ̀kan gba inú yanrìn rẹ̀ láìsí amọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ po 10cl omi amọ̀ mọ́ 90cl tó kù, kí ẹ dà á lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, amọ̀ á dì kó tó dé yanrìn, ẹ ò sì ní mọ èyí tó lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó dì. Kí omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sun bákan náà, bíi lítà kan ní ìṣẹ́jú 20. Èyí tó bá yára jù kì í lẹ̀ tó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ẹ da 40cl tó kọ́kọ́ jáde nù. Omi àtijọ́ tó wà láàárín wóró yanrìn ni. Ẹ gba 30cl tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi bírò dúdú kọ X sórí bébà, kí ẹ gbé ife gíláàsì lé e, kí ẹ máa bu omi sí i títí X á fi pòórá, kí ẹ wá fi rúlà wọn gíga omi náà.

Ti A ló máa ń dúdú jù. Yanrìn àti amọ̀ ló ní irú iná mànàmáná kan náà lára, èyí tí a ń fi àmì ìyọkúrò (−) kọ, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn dànù. Iyọ̀ ń bo iná yẹn mọ́lẹ̀, amọ̀ sì ń ráyè súnmọ́ yanrìn kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo D dáadáa: ìdajì gíráàmù ibẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí gíráàmù 6 ṣe ní B, torí iná (+) méjì ni káàsíọ̀mù inú POP kọ̀ọ̀kan gbé, sódíọ̀mù inú iyọ̀ gbé ẹyọ kan.

Ẹ wá da omi òjò lásán gba B kọjá. Ó sábà máa ń tún dúdú, torí ohun tó lẹ̀ ti ń tú. Ti D kì í sábà tú tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ lágbègbè Ìlàjẹ létíkun, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sórí yanrìn tí omi iyọ̀ ti bò rí.

Bí ẹ bá fi yanrìn pupa rọ́pò funfun, A gan-an lè mọ́, torí ìpẹtà irin ara rẹ̀ máa ń ní iná (+) nínú omi tó kan díẹ̀, ó sì ń fa amọ̀ mọ́ra. Ẹ rẹ ewé kòkó jíjẹrà sómi fún ọjọ́ méjì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ po 10cl rẹ̀ mọ́ omi amọ̀ kí ẹ tó tún un dà. Omi ewé náà máa ń bo ara amọ̀ àti ìpẹtà, púpọ̀ sí i nínú amọ̀ á sì kọjá. Omi yẹn ní àwọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ẹ fi omi ewé tí kò ní amọ̀ ṣe àfiwé nígbà tí ẹ bá ń wo X.