Orin ìsìn, gìtá oníná àti bagpipe: bí ẹ ṣe máa tò ó

Gìtá ni mò ń ta nínú ẹgbẹ́ kan ní Glasgow. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi bagpipe, fèrè alápò àwọn ará Scotland, sínú róòkì ni pé fèrè yẹn ni baálé. Ohùn mẹ́sàn-án péré ló ní. Kò lè fun jẹ́jẹ́, kò lè mí láàárín orin, kò sì ní yí kíì (ohùn tí orin dúró lé) padà nítorí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, orin ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sínú kúáyà, ẹ gbé solfa yín jáde. Tí D bá jẹ́ Do, fèrè náà ní Fa, So, La, Ti ìsàlẹ̀, ó ní Do, Re, Mi, Fa, ó wá parí sí So òkè. Amazing Grace bá a mu rẹ́gí: láti So ìsàlẹ̀ dé So òkè ni. Òun ni àwọn ọmọ ogun Royal Scots Dragoon Guards fun dé ipò kìíní ní Bìrìtéènì ní 1972, òun náà ni ẹgbẹ́ olórin Dropkick Murphys ti Boston sọ di pọ́ńkì, róòkì oníkíákíá aláriwo, ní 1999. Old Hundredth, ohùn orin ìsìn tó ti wà láti 1551, bá a mu pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n “Mímọ́, mímọ́, mímọ́” ò ṣeé ṣe: La òkè ti wà nínú ìlà kìíní. Ẹ gbé Do wá sí A, ìlà kejì á tún béèrè Ti tí fèrè ò ní. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀gá olórógáànì.

Yíyí gìtá ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ohun tí afunfèrè ń pè ní A, B-flat ló ń dún létí wa, ó sì tún ga jù ú lọ díẹ̀. B-flat dùùrù jẹ́ 466 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti bàbá tó ń fun fún wa máa ń wà ní nǹkan bí 476 tó bá ti gbóná. Ẹ jẹ́ kó fun ún dáadáa ná, torí èémí àti ooru ń gbé ohùn rẹ̀ kiri. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé 440, ìwọ̀n A orí tuner yín (ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn okùn), lọ sí 449, ẹ yí okùn, ẹ fi capo (ohun tó ń di gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá) sí fret kìíní, ìlà irin àkọ́kọ́ lọ́rùn gìtá, kí ẹ máa ta D bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Kíbọ́ọ̀dù tí kò bá ṣeé yí báyìí, ẹ dá a padà sínú mọ́tò.

Ẹ yọ Mi kúrò nínú kọ́ọ̀dù D (àwọn ohùn tí ẹ ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan). D àti A ti tó. Mi ti fèrè rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti gìtá lọ, distortion, ìró híhan gìtá oníná, á sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa jà. Àwọn ọ̀pá mẹ́ta tó wà léjìká afunfèrè ń kùn A láìdákẹ́. Èmi fẹ́ràn kí n lu kọ́ọ̀dù G lé ìkùn yẹn lórí. Ara orin á gbọ̀n.

Kí ẹsẹ̀ kìíní jẹ́ ti fèrè nìkan, kí ìlù wọlé ní ìkejì. Tí ẹnì kan bá máa kọrin, kí fèrè dákẹ́ pátápátá, torí kò sí ọ̀fun tó borí rẹ̀. Tó bá tún fẹ́ wọlé, kí ìlù pariwo díẹ̀ láti bo igbe àkọ́kọ́ àpò náà, kì í dùn. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, ẹ má gbé máíkì sí i lẹ́nu rárá.

Afunfèrè náà ló ń gé orin. Kí onílù máa wo ìgúnpá rẹ̀: bó bá ti ṣí kúrò lára àpò, kó lu kímbálì ìkẹyìn.