Nọ́ńbà Ìlú Ọba kò wọlé láti Iléṣà: bó ṣe padà wọlé

Àbúrò mi tó kó lọ sí Ìlú Ọba ra síìmù níbẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Màámi ń lò n'Íléṣà níbí, kò gba WhatsApp. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé nọ́ńbà náà kò sí. Ọkàn wọn ò balẹ̀ rárá.

A ra káàdì kún un, a pa fóònù, a tàn án. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà yọ síìmù, ó nù ún, ó dá a padà. Pàbó.

Mo wá jókòó ti nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀. 07 ló fi bẹ̀rẹ̀, díjíìtì 11, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Nàìjíríà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá a sí! Mo yọ 0 iwájú, mo fi +44 rọ́pò rẹ̀. Lórí fóònù Màámi, ẹ tẹ ìràwọ̀ (*) lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, + á jáde. Lórí òmíràn, ẹ tẹ 0 mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tí + bá kọ̀, ẹ fi 009 sípò rẹ̀. Ó wọlé. "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" ni Màámi kọ́kọ́ bi í.

Tí àbúrò mi bá ń pè wá, òun náà ń yọ 0 tiwa, ó ń fi +234 sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe tọ́jú nọ́ńbà sórí fóònù. Ó lè má ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ti dí ìpè òkè òkun lórí síìmù yín. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni síìmù kí wọ́n ṣí i.