Bí mo ṣe wádìí olùkọ́ ìbọn kí n tó fowó mi sílẹ̀ ní Houston

Ọ̀rọ̀ àìdáa tí obìnrin kan sọ nípa olùkọ́ ìbọn mi ló jẹ́ kí n lọ bá olùkọ́ náà. Màá débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe jù. Ọkọ mi ń wa tírélà. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lójú títì kó tó wálé. Nígbà tí wọ́n fọ́lé aládùúgbò wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, a jọ sọ ọ́ títí, a wá fẹnu kò pé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn ìléwọ́. Bóyá ó yẹ kí ìbọn wà nínú ilé tàbí kò yẹ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, oníkálukú ló mọ bí ilé òun ṣe rí. Ohun tó gbà mí ní oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹni tí yóò kọ́ mi.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2021 ni òfin Texas ti gbà kí ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ìwé àṣẹ náà, LTC, ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, pàápàá ẹni tó máa ń kọjá sí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó gbà á. Mo fẹ́ ẹ. Nítorí náà ibi àkọ́kọ́ tí mo wò ni orúkọ àwọn olùkọ́ tí DPS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní LTC, fọwọ́ sí. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Mo rò pé bí orúkọ ènìyàn bá ti wà lọ́dọ̀ ìjọba, ìwádìí tán nìyẹn. Ohun tí ìjọba sọ kò ju pé onítọ̀hún lè kọ́ni ní kíláàsì LTC, kíláàsì ọ̀hún kò sì ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Òfin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ibi tí a lè gbé ìbọn dé, ìgbà tí a lè lò ó, bí a ṣe ń fi pamọ́ fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí o yin ọta 50: ogún láti yáàdì 3, ogún láti yáàdì 7, mẹ́wàá láti yáàdì 15. Máàkì 250 ni gbogbo rẹ̀, 175 ni o gbọ́dọ̀ gbà. Ìdánwò ni. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí tó lọ síbẹ̀ dà bí ẹni tó lọ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà láìtíì jókòó sídìí sítíárì rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń dún jù nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ọ̀gá Kìíní. Ìràwọ̀ márùn-ún ló ní lórí Google, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń yìn ín bí ẹni ń ki ọba. Ó fẹ́ràn fídíò púpọ̀. Lóru ọjọ́ kan tí n kò lọ síṣẹ́, mo jókòó ti fídíò wọ̀nyẹn, mo pa ohùn wọn, ọwọ́ nìkan ni mò ń wò. (Ẹ dán an wò. Ẹnu dídùn a máa dí ojú ẹni.) Nínú ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sórí ìlà, wọ́n ń yìnbọn, ọkùnrin kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì tí wọ́n ń yìn, ó ń fi kámẹ́rà ya wọ́n láti iwájú. Mo dá a padà, mo tún un wò. Ènìyàn ni lóòótọ́. Nínú òmíràn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìbọn júwe bí ẹni fi bírò júwe; ẹnu ìbọn gba orí itan rẹ̀ kọjá, ó gba àyà obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó wí nǹkan kan.

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi ní Ṣakí. Ṣakabùlà rẹ̀ kì í kúrò lára ògiri àfi tó bá ń regbó. Ọmọ tó bá fi pòpó ìbẹ́pẹ ṣe ìbọn, tó nà án sí ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, pàṣán ni yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí a bá ń sunkún pé pòpó lásán ni, á ní: “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?” Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí á ṣeré ni mo kà á sí nígbà náà. Àfìgbà tí mo ka òfin mẹ́rin Jeff Cooper, ológun Marine fẹ̀yìntì tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìbọn sílẹ̀ ní Paulden, Arizona, ní 1976. Gbogbo ìbọn ni kí o kà sí èyí tí a ti ki. Má ṣe jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́. Má fi ìka kan apátí títí ìbọn yóò fi wà lórí ohun tí o fẹ́ yìn. Mọ ohun tí ò ń yìn, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi àgbà kò mọ ibi tí Arizona wà, àmọ́ òfin méjì àkọ́kọ́ ti wà nínú òwe rẹ̀ kí a tó bí mi. Mo fa igi lé orúkọ Ọ̀gá Kìíní.

Ọkọ mi ní mo ti le jù, pé ẹni tó ti mọṣẹ́ lè fi ìbọn júwe. Mo rán an létí òṣìṣẹ́ DEA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti oògùn olóró, tó dúró níwájú àwọn ọmọdé ní Orlando ní 2004, tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ààbò ìbọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán pé òun nìkan ló mọṣẹ́ tó láti mú ìbọn náà nínú yàrá yẹn ni ìbọn dún, tó bà á lẹ́sẹ̀. Fídíò rẹ̀ wà níta. Ọkọ mi wò ó, ó dákẹ́.

Ọ̀gá Kejì kì í ya fídíò. Iṣẹ́ ológun ló fi ń polówó: ológun àkànṣe, Special Forces, lòun, ọdún méjìlá, ogun báyìí, ogun bẹ́ẹ̀. Ojú mi dá, ọkàn mi balẹ̀. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí òun náà ti wọ aṣọ ológun rí, ló rẹ́rìn-ín tó ní kí n má tíì sanwó. Ó ní ibi kan wà ní St. Louis, National Personnel Records Center, tí ìwé àwọn ológun tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà, pé ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè apá tí òfin gbà kí aráàlú rí: oyè rẹ̀, ọdún tó fi ṣiṣẹ́, ibi tó ti ṣiṣẹ́, àmì ẹ̀yẹ tó gbà. Mo kọ orúkọ ọkùnrin náà ní kíkún, ẹ̀ka tó ní òun wà, àti ọdún tó ní òun fi ṣiṣẹ́. Èsì pẹ́ dé, mo tiẹ̀ ti gbàgbé. Nígbà tó dé, ọdún mẹ́rin ni mo rí, iṣẹ́ títún ọkọ̀ ológun ṣe ló sì ṣe. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ta ni yóò mọyì mẹkáníìkì bí kò ṣe ìyàwó onítírélà? Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè parọ́ lórí ohun tí ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ni yóò sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bá bi í ní ohun tí kò mọ̀?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ènìyàn wa. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ìbéèrè burúkú ni “Ṣé ó dáa?” “Ó dáa gan-an” ni wọ́n á sọ, torí wọ́n ti sanwó, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí á mọ̀ pé owó òun wọgbó. Bọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń pòkìkí Ọ̀gá Kìíní títí. Mo ní, “Bọ̀dá, kí lẹ mọ̀ báyìí tẹ́ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

Wọ́n ronú. “Há, Sister, ọkùnrin yẹn ń pa wá lẹ́rìn-ín o!”

“Kí ló tún ṣe lára bí ẹ ṣe ń yìnbọn?”

“Ó sun ẹran fún wa lọ́sàn-án. Ẹran yẹn dùn.”

Ìyá Ìbejì tó ń ta ọjà ilé wa ní òpópónà Bissonnet ni mo tún lọ bá. Wọn ò tíì jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ju ọwọ́.

“Má dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí mo lọ bá yẹn! Ó tẹ́ mi lójú gbogbo ènìyàn. Mo kàn yíjú láti bi í ní nǹkan ni, ó pariwo pé kí n dúró, ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn. Odidi ìdajì wákàtí. Owó mi mà ni mo san!”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Nígbà tí ẹ yíjú, ṣé ìbọn náà bá yín yí?”

Wọ́n ń to gàrí sórí pẹpẹ. Wọ́n tò ó, wọ́n tún un tò.

“Ó bá mi yí díẹ̀.”

“Nígbà tí ẹ jókòó tán ńkọ́?”

“Ó wá bá mi lẹ́yìn, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ẹsẹ̀ nìkan yí, kí ọwọ́ mi dúró síbi tó wà. Kò gbowó kún un. Àmọ́ ó ti tẹ́ mi!”

Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.

Kí n tó pè é, mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ béèrè sílẹ̀. Àkọ́kọ́ dà bí ẹ̀tàn díẹ̀: mo ní àbúrò mi kan wà níbí lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ṣé kó bá mi wá. Mo ti bi Ọ̀gá Kìíní náà rí, ó ní kí n kàn mú un wá, pé kò sẹ́ni tó ń yẹ ìwé wò lọ́dọ̀ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà, ẹ fetí sí èyí: òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn kan díẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Òfin yìí kò kan ẹni tó ní green card. Olùkọ́ tó bá ní kí ẹ wá bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ó jẹ gbèsè rẹ̀. Ọkùnrin tó lé Ìyá Ìbejì kò tíì jẹ́ kí n mí tó fi béèrè irú ìwé tí àbúrò mi ní, ó sì ní kó kọ́kọ́ lọ rí lọ́yà kó tó sún mọ́ réǹjì, ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, kankan.

Èkejì, ènìyàn mélòó ló ń wà lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà? Ó ní mẹ́rin, òun àti ẹnìkan tó ń ràn án lọ́wọ́ ló sì ń mójú tó wọn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí iṣẹ́ mi fi sí mi lẹ́nu: bí ọta bá ba ẹnìkan, kí lẹ máa ṣe? Ọ̀gá Kejì ti fi èyí rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í yìnbọn fún ènìyàn ní kíláàsì òun. Ọkùnrin yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tourniquet méjì, ọ̀já tí a fi ń di apá tàbí ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, wà lára bẹ́líìtì òun, àpò ìtọ́jú ọgbẹ́ wà nínú ọkọ̀, òun sì ti gba ẹ̀kọ́ Stop the Bleed, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2015 láti kọ́ aráàlú bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó ní kí ìbọn kankan tó jáde nínú akọ̀ ni òun ti ń yan ẹni tó máa pe 911, ẹni tó máa dúró lẹ́nu géètì júwe ọ̀nà fún áńbúláǹsì, àti pé gbogbo wa ló máa ka àdírẹ́sì réǹjì náà sókè. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àdírẹ́sì yẹn ló mú mi.

Síbẹ̀ mo ní kó jẹ́ kí n wá wòran kí n tó sanwó. Ó ní kí n gbé ohun ìdílétí àti gíláàsì wá. Mo jókòó lẹ́yìn fún wákàtí méjì. Olùkọ́ ìṣirò ni ní sẹ́kọ́ńdírì kó tó fẹ̀yìntì, ó sì hàn: bó bá ṣàlàyé lọ́nà kan tí kò yé ọmọ kíláàsì, á gba ọ̀nà mìíràn, kò ní pariwo. Ó yìnbọn fún wọn láti fi ṣàpẹẹrẹ, ọ̀kan lọ jìnnà sí àárín. Ó tọ́ka sí i, ó ní, “Ẹ wo ìyẹn, mo fún ọwọ́ mi jù.” Ó tún un yìn. Ìgbà kan ṣoṣo tó gbóhùn sókè ni ìgbà tí ẹnu ìbọn ọmọkùnrin kan yẹ̀ kúrò níwájú.

Mo sanwó lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ìpìlẹ̀ kí n tó ṣe LTC, mo sì gba 231 nínú 250. Nígbà tí mo lọ ra ẹ̀lùbọ́ ní Bissonnet, Ìyá Ìbejì ti gbọ́.

“Ṣé ó lé ìwọ náà?”

“Lẹ́ẹ̀kan, mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó, wọ́n sì bu ẹ̀lùbọ́ ènì fún mi.