Ìtàn ìfẹ́ lọ́wọ́, gbẹ̀gìrì lórí iná: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn ìfẹ́ tẹ́ ẹ tún ń dáná fún odindi ilé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá, ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ilé tí wọ́n bá ti ń retí ọkà láàárọ̀ kì í ṣe ilé búrẹ́dì àti tíì. Omi lẹ máa gbé kaná, èlùbọ́ lẹ máa jọ̀, ọbẹ̀ àná lẹ máa gbé kaná, ẹ tún máa fọ abọ́ lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ ọ̀sán ti pọ́n, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin inú ìtàn yín fẹ́ bá ìyàwó ẹ̀ sọ, tẹ́ ẹ ti rò tán lóru, ti fò lọ pátápátá.

Mo mọ àwọn tó ń kọ ọ́ nílùú yìí, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń gbé ládùúgbò Under G títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń tajà ní Sábó. Wọ́n ní ẹ̀bùn, ìtàn wọn dùn, ó sì máa ń dùn mí gan-an tí ìtàn bá kú sí ẹ̀písóòdù kẹjọ nítorí pé ẹni tó ń kọ ọ́ gbà pé òun ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ lè ṣe é. Àwọn nǹkan kan ṣáà wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yéé ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ yéé fi ojú kan náà wo gbogbo ìdáná. Àwọn kan á ní "mò ń se oúnjẹ, mi ò lè kọ̀wé", bíi pé gbogbo oúnjẹ ló ń fẹ́ kéèyàn dúró tì í. Irọ́ ni. Iṣẹ́ wà ní kíṣìnì tó ń fẹ́ ojú àti ọwọ́, iṣẹ́ míì wà tó jẹ́ iná ló ń ṣe é, tiyín ò ju kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ lọ. Ẹ wo gbẹ̀gìrì. Kẹ́ ẹ rẹ ẹ̀wà, kẹ́ ẹ bó o, kẹ́ ẹ ṣan èèpo ẹ̀ dànù, iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, ẹ ò lè di fóònù mú. Àmọ́ tó bá ti dórí iná, títí tó fi máa rọ̀ tó máa ṣeé fi ìjábẹ̀ fọ́, kí lẹ tún ń ṣe fún un ju kẹ́ ẹ máa yẹ omi ẹ̀ wò kó má baà jóná? Bẹ́ẹ̀ náà ni ata tẹ́ ẹ gbé kaná kí omi ẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó da òróró sí i, bẹ́ẹ̀ ni ṣàkì, bẹ́ẹ̀ ni pọ̀nmọ́ tó le. Àkókò ìkọ̀wé ni gbogbo ìyẹn o, ẹ fa àga kan sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì níbi tẹ́ ẹ ti lè máa gbọ́ òórùn ìkòkò, kẹ́ ẹ jókòó.

Ewédú ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Tí kaun bá ti wọ inú ẹ̀, kò ní pẹ́ rárá tó fi máa hó dà sórí iná, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kó pẹ́ jù àwọ̀ ẹ̀ á ṣú. Ọkà ló wá le jù nínú gbogbo ẹ̀: ẹni tó ń ro ọkà tó ń wo fóònù, kókó ni gbogbo ilé máa jẹ lọ́jọ́ náà. Nǹkan tí mo sì ń rí ni pé àwọn èèyàn ń yí i po. Ìgbà tí ẹ̀wà ń rọ̀ lórí iná, tí àǹfààní wà, TikTok ni wọ́n máa ń lọ wò, ìgbà tí omi ọkà bá wá hó tán tó yẹ kí wọ́n di omorogùn mú, ìgbà yẹn ni wọ́n á rántí pé ọkùnrin inú ìtàn ò tíì tọrọ àforíjì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ìtàn bà jẹ́, ọkà bà jẹ́.

Ìkọ̀wé gan-an pín sí méjì bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé, ibi tí wọ́n ti jà, ibi tí ẹnì kan ti jẹ́wọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, àwọn yẹn ń fẹ́ kí orí èèyàn pé, ẹ má gbé wọn wọ kíṣìnì rárá. Ìdájí ni tèmi, kí àwọn ọmọ tó jí, àwọn míì òru ló bá wọn lára mu. Àmọ́ kéèyàn tún ohun tó ti kọ kà, kó tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe, kó wò ó bóyá ìyá ìyàwó tó pè ní Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ̀písóòdù kejì ti di Àṣàkẹ́ ní ẹ̀písóòdù kẹfà, ata tó ń gbẹ lórí iná ò dí èyí lọ́wọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ yín lómi, ẹ̀fọ́ lẹ̀ ń já tàbí abọ́ lẹ̀ ń fọ̀, ẹ gbé fóònù sójú fèrèsé, ẹ tẹ voice note, kẹ́ ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn méjèèjì sókè bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó bá ti le lẹ́nu ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́, òǹkàwé ò ní gbà á gbọ́. Láti 2024 ni Google sì ti jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù Gboard máa gbọ́ Yorùbá, ẹ̀yin á máa sọ̀rọ̀, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀, àṣìṣe máa wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ó sàn ju kí ọ̀rọ̀ náà sọnù lọ.

Èyí kúrú, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹ má gbé fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì tàbí sítóòfù. Ooru ń ba bátìrì jẹ́, epo gbígbóná ń ta, èyí tó sì burú jù, ẹni tójú ẹ̀ wà lójú fóònù kì í rí i tí omi bá hó dà pa iná tí gáàsì sì ń jáde lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ pa á láti orí sìlíńdà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná. Ẹ sì má jẹ́ kí ìtàn yín wà síbì kan ṣoṣo. Lọ́dún 2023 ni OkadaBooks, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ń ta ìwé lórí ẹ̀, ti ilẹ̀kùn, ẹni tó ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ lọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ẹ fi sí Google Docs, ẹ tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Àṣìṣe míì tó ń bí mi nínú ni ìlérí. Obìnrin á ṣí gúrúùpù lórí WhatsApp, èèyàn á wọlé rẹpẹtẹ, inú ẹ̀ á dùn, á ní "ẹ̀písóòdù kan lójoojúmọ́, aago mẹ́jọ alẹ́". Aago mẹ́jọ alẹ́! Ìgbà tí gbogbo ilé ń jẹun, tí àwọn ọmọ ń bèèrè ìtumọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n á ti máa pariwo, "Àǹtí, ẹ ò ṣe é báyìí o, a ti ń dúró látàárọ̀", òun náà á wá máa kọ ọ́ bó ṣe ń bu oúnjẹ, ìjà tó yẹ kó gba ẹ̀písóòdù mẹ́ta á parí ní ìlà márùn-ún, wọ́n dì mọ́ra, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìtàn ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Romance Writers of America, ìyẹn àwọn tó ń kọ ìwé ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan méjì ló ń sọ ìwé di ìwé ìfẹ́: kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jẹ́ òpó ìtàn, kí ìparí ẹ̀ sì tẹ́ òǹkàwé lọ́rùn kó fún un nírètí. Ìparí téèyàn kọ pẹ̀lú ìpákánleke, ta ló máa tẹ́ lọ́rùn?

Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe ata, ẹni tó ti din ata sílẹ̀ ní Sátidé, tí àlejò bá já wọlé ní Wẹ́sidé, àyà ẹ̀ ò ní já. Kẹ́ ẹ tó ṣí gúrúùpù, ẹ ní ẹ̀písóòdù mẹ́wàá nílẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e síta lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iye ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà yín. Mills & Boon tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1908, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìfẹ́ tí àwọn ìyá wa ń kà nílé ìwé, ọ̀pọ̀ ìwé wọn ò ju nǹkan bíi 50,000 ọ̀rọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ń kọ 500 ọ̀rọ̀ lójúmọ́, 100 ọjọ́ nìyẹn, kò tó oṣù mẹ́ta ààbọ̀. 500 ọ̀rọ̀ sì rèé, ó wọ inú àkókò tí ẹ̀wà gbẹ̀gìrì fi ń rọ̀ dáadáa.

Èyí tó kàn yìí, mo lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ló dé tí obìnrin tó ń dáná lójoojúmọ́ á kọ ìtàn, táwọn èèyàn inú ẹ̀ ò ní jẹ nǹkan kan ju písà àti wáìnì lọ? Ẹ ní Tákìé nílùú wa níbí ni wọ́n ti pàdé, ẹ ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ọmọge, síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé ìparí, òórùn irú ò jáde nílé ẹnikẹ́ni. Ẹ ní ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ò ní o! Ẹ mọ bí ojú èèyàn ṣe máa ń rí tó bá tọ́ ọbẹ̀ wò tí iyọ̀ ò tó, tí kò fẹ́ sọ ọ́. Ẹ mọ obìnrin tínú ń bí sí ọkọ ẹ̀ tí kò bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀, àmọ́ ẹran tó tóbi jù ló ṣì bù síwájú ẹ̀. Ẹ mọ ọkùnrin tí kò wọ kíṣìnì rí, tíyàwó ẹ̀ bímọ tó wá dìde ro ọkà fúnra ẹ̀, tó ń làágùn, tí kókó kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, tí ìyàwó sì rọra ń jẹ ẹ́ tó ń wò ó lójú. Ìfẹ́ nìyẹn jàre, òdòdó róòsì ò tó o. Ẹ kọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì máa kọ ọ́, ẹ má purọ́ oúnjẹ. Máńgòrò ilẹ̀ wa ń pọ́n láti bí oṣù kẹta lọ, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin já a fún ọmọge ní oṣù kọkànlá. Kájú náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tiẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni gbódó ń gbẹ dáadáa fún èlùbọ́, tí ìyá ọkọ inú ìtàn bá ń sá gbódó ní oṣù keje tí òjò ń rọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kà á á kàn gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀ ni. Kò sì sẹ́ni tó ń se gbẹ̀gìrì láti orí rírẹ ẹ̀wà dé orí gbígbé e kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ má wá sọ ẹ̀písóòdù di ẹ̀kọ́ ìdáná, òǹkàwé ò bèèrè iye ṣíbí epo lọ́wọ́ yín, nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn tó dúró ti ìkòkò ló ń wá.

Ìjà tẹ́ ẹ bá ọkọ yín jà lánàá, ẹ má gbé e sínú ìtàn lónìí. Ìlú yìí ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nínú gúrúùpù yín lè máa ra ẹran lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní Ọjà Jagun. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, ẹ yí i padà, kó di ti ẹlòmíì pátápátá.

Ẹ tún yéé fi ìkọ̀wé pamọ́ fún ará ilé. Ìyá ọkọ á wọlé, ìyàwó á ti fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, màmá á rò pé ọkùnrin míì ló ń bá sọ̀rọ̀, wàhálà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Màmá, ẹ káàbọ̀ mà, ìwé ni mò ń kọ mà, iṣẹ́ ni. Ọkà yín wà nínú kúlà, ọbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n parí èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mò ń bọ̀ wá jókòó tì yín." Ìyá ọkọ míì á tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ kà á sóun létí, ẹ kà á fún wọn. Dádì wọn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ wákàtí yín, kí wọ́n mọ̀ pé tí ọmọ bá sunkún ní ìdájí, àwọn ló máa gbé e. Ẹ wo àwọn obìnrin Kánò, láti bíi ọdún 1980 sókè ni wọ́n ti ń kọ ìwé ìfẹ́ ní Hausa, littattafan soyayya, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ilé ọkọ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kọ ọ́. Balaraba Ramat Yakubu wà lára wọn, ọmọdé ni wọ́n ti fi í fọ́kọ, ẹ̀yìn ìyẹn ló lọ kàwé nílé ẹ̀kọ́ àgbà, nígbà tó fi máa di 2012 ìwé ẹ̀ kan ti di Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Íńdíà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé lóru, ọbẹ̀ ń kan níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Gbẹ̀gìrì ni kì í ní sùúrù jù. Ẹ má jẹ́ kó lé ní wákàtí méjì níta nínú ooru yìí, tí iná bá wà ẹ gbé e sí fíríìjì, tí kò bá sí ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó jókòó ti ìtàn. Ẹ fi álámù sórí fóònù tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé yẹn.

Ó wá ku owó. Ọ̀pọ̀ ń yọ owó dátà nínú owó ọbẹ̀ láìsọ fún ẹnì kankan, tí ẹran bá wá kéré lójú abọ́, ìwé ni gbogbo ilé máa bínú sí. Ẹ ní ìwé kékeré kan, ẹ kọ owó dátà síbẹ̀, ẹ kọ owó tó ń wọlé síbẹ̀. Ẹ̀písóòdù mẹ́wàá àkọ́kọ́ lè jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí gúrúùpù ni kẹ́ ẹ ti sọ pé láti ìkọkànlá lọ, owó ni, kẹ́ ẹ sì dá iye ẹ̀. Ẹni tó bá wá sí inbox pé "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ṣe mí lóore", ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé owó ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ẹ ò fi ta ọrẹ. Tí owó bá wọlé lóṣù yẹn, ẹ rà nǹkan kan wọlé níbẹ̀ tí gbogbo wọn máa rí, kó jẹ́ kóńgò èlùbọ́ kan péré láti Sábó, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn nídìí abọ́ pé owó ìtàn ló rà á.