Bí mo ṣe jókòó nínú mọ́sálásí Shitta-Bey ní ọjọ́ Jímọ̀

Nígbà tí a sin ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ta aṣọ ní ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó sí ìlà kẹta láti ẹ̀yìn títí tí a fi gbé òkú jáde. Mùsùlùmí ni, Alàájì ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ìjọ dìde láti kọrin, ó dìde pẹ̀lú wa. Nígbà tí a kúnlẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó tẹrí ba, ó sì dúró dè wá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni bàbá tirẹ̀ di olóògbé. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi, a sì ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ọ̀rẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ mọ́sálásí àdúgbò wọn lọ fún àdúà ọjọ́ kẹjọ, abẹ́ àtíbàbà tí ó wà ní òdìkejì títì ni mo jókòó sí. Kò sí ẹni tí ó dá mi dúró. Èmi fúnra mi ni n kò wọlé, nítorí pé Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, n kò sì tíì tẹ ẹsẹ̀ mi sínú mọ́sálásí rí láti ìgbà tí mo ti dáyé, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni ìyá tí ó bí ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí ó jókòó ti òkú ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi títì sáàárín èmi àti àdúà bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí ọjà dá, mo sọ fún un pé, “Alàájì, mo fẹ́ bá yín lọ sí Jímọ̀ ní mọ́sálásí Shitta-Bey. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kírun, mo fẹ́ jókòó kí n rí bí ẹ ṣe ń ṣe é ni.” Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá dáhùn pé, “Àbúrò mi, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè, nítorí ilé náà kì í ṣe tèmi nìkan.” Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dúró de èsì. Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, nítorí pé ojú tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù fi ń wo ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba. Ìlànà Màlíkì, tí púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lápapọ̀ ń tẹ̀lé, le lórí kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọ mọ́sálásí láìnídìí, àwọn ìlànà mìíràn sì gbà á láàyè. Ẹni tí ó bá kàn yọjú láìbéèrè lè kó ẹni tí ó mú un wá sínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí èsì dé, ó rọrùn: kí n tètè dé, kí n wọ aṣọ tí ó mọ́, kí n má ya fọ́tò, kí n sì jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹ̀yìn, nítorí mo ti rò ó lọ́kàn mi pé bóyá wọ́n fẹ́ ya àlejò sọ́tọ̀ ni. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn mí, ó kó àwọn ìka rẹ̀ pọ̀ tí àyè kankan kò fi sí láàárín wọn. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń tò nìyẹn, èjìká mọ́ èjìká, ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, àti pé bí ẹni tí kò kírun bá jókòó sáàárín ìlà, ihò ni ó dá sí i. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gba iwájú ẹni tí ó ń kírun kọjá. Mo ti ṣe èyí rí láìmọ̀, nínú ọjà níbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo ń sáré lọ mú ẹrù. Ọkùnrin tí mo gba iwájú rẹ̀ kọjá kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Alàájì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tì mí.

Bùbá àti ṣòkòtò funfun ni mo wọ lọ́jọ́ Ẹtì náà, mo sì dé fìlà. Ìyàwó mi fẹ́ bá wa lọ, ṣùgbọ́n Alàájì ní kí ó jẹ́ ọjọ́ mìíràn tí ìyàwó òun yóò lè wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn obìnrin ní ààyè tiwọn lọ́tọ̀, kò sì ní dára kí ó jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Mo pa fóònù mi kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Níbi omi ni a kọ́kọ́ yà sí. Alàájì sọ fún mi pé àlùwàlá kò di dandan fún ẹni tí kò fẹ́ kírun, nítorí náà mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wò ó. Ó jókòó lórí àpótí kékeré kan, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ ẹnu, ó fín omi símú ó sì fọn ọ́n jáde, ó bọ́jú, ó fọ apá ọ̀tún dé ìgúnpá kí ó tó fọ ti òsì. Ó fi ọwọ́ tútù pa orí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ó ti ìka bọ etí, ó wá parí rẹ̀ sí ẹsẹ̀, ó ń ti ìka ọwọ́ bọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí omi tí ó lò ṣe kéré tó. Ẹni tí mo mọ̀ sí oníkánjú, tí kì í lè dúró kí oníbàárà ka owó tán, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń fọ ọmọ tuntun.

A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a kó o sínú ọ̀rá, a sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Kò sí àga, kò sí ère, kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni lára ògiri. Ohun tí ojú mi ń wá láìmọ̀ ni pẹpẹ, nítorí ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Dípò rẹ̀, kọ̀rọ̀ kan ni ó wà nínú ògiri iwájú, tí ó ń tọ́ka sí ibi tí Kábà wà ní Mẹ́kà, níbẹ̀ sì ni lèmọ́mù ń dúró sí. Alàájì fi mí sí ẹ̀yìn, ó lọ síwájú, ó sì kí òpó méjì, ìyẹn ìpele ìrun méjì, kí ó tó jókòó. Gbogbo ẹni tí ó ń wọlé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù fún ara rẹ̀, láìsí ẹni tí ń darí wọn.

Wáàsí tí wọ́n ṣe ní èdè Yorùbá bá mi níbi tí mo wà. Orí òṣùwọ̀n ni ó dá lé, bí Kùránì ṣe bá àwọn tí ń wọn nǹkan jẹ wí, àwọn tí ń gba tiwọn kún tí wọ́n sì ń fún ẹlòmíràn ní àbọ̀. Oníwàásí náà mọ irú ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀, nítorí ó dárúkọ ọ̀pá tí a fi ń wọn aṣọ, ó sì sọ bí ènìyàn ṣe lè fa aṣọ le kí ọ̀pá mẹ́rin àti ààbọ̀ lè di márùn-ún. Ọkùnrin méjì tí ó wà níwájú mi wo ara wọn. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò yọ mí sílẹ̀. Ìwé Òwe tí wọ́n ń kà sí wa létí ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ ohun kan náà nípa ìwọ̀n èké, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ kí wọ́n mú un wá dé orí ọ̀pá aṣọ rí.

Nígbà tí lèmọ́mù gun orí àga gíga tí ladánì sì tún pe ìpè, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Kútúbà, ìyẹn ìwàásù Jímọ̀ gan-an, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Alàájì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnìkan bá tilẹ̀ ń pariwo, ẹni tí ó bá sọ fún un pé kí ó dákẹ́ ti ṣẹ̀ pẹ̀lú. Èdè Lárúbáwá ni mo gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, n kò sì lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yọ́ ohùn sí ẹnikẹ́ni létí.

Lẹ́yìn kútúbà, wọ́n dìde. Ní ọjọ́ mìíràn, òpó mẹ́rin ni ìrun Àílà, ṣùgbọ́n méjì ni ti Jímọ̀. Ìgbà tí wọ́n tò tán ni mo wá rí ohun tí Alàájì fi ìka rẹ̀ ṣàpèjúwe fún mi. Ọlọ́jà ńlá tí mo mọ̀ dáadáa wà ní ẹ̀gbẹ́ alábàárù tí ó ń bá a ru ẹrù, èjìká wọn sì kan ara wọn. Àwọn àgbà kan jẹ́ kí apá wọn so wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Màlíkì, àwọn mìíràn sì ká ọwọ́ lé àyà. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnìkejì rẹ̀ wí. Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni mo ń rí láti ibi tí mo jókòó sí, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ti bàbá arúgbó kan ni ó sún mọ́ mi jù: gìgísẹ̀ rẹ̀ ti là, omi àlùwàlá kò sì tíì gbẹ tán láàárín ọmọ ìka rẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó di ìkúùkù méjèèjì mọ́lẹ̀ kí ó tó lè dìde, ó sì dìde.

Èmi jókòó ní tèmi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kí n tó lọ, nítorí pé àwọn ẹbí mi kan sọ pé bí mo bá ti wọlé, kí n kúkú máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe kí ojú má bàa tì mí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá forí balẹ̀ láìní èrò ìrun lọ́kàn, mo ti purọ́ fún àwọn tí ó gbà mí lálejò, mo sì ti purọ́ fún Ọlọ́run tí mo ń sìn. Ohun tí Alàájì ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ṣe: mo tẹrí ba, mo dákẹ́, mo dúró dè wọ́n. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni mo gbàdúrà ní ọkàn mi, ní ọ̀nà tí wọ́n kọ́ mi, fún bàbá rẹ̀ tí n kò wọlé fún.

Nígbà tí wọ́n ti sálámà sí ọ̀tún àti sí òsì tán, bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yíjú sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i, mo sì sọ fún un láìfi pamọ́ pé Kristẹni ni mí. Ó ní, “Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú sùúrù.” Ó wá sọ ìtàn kan fún mi tí àwọn oníkéwú máa ń sọ, nípa àwọn Kristẹni ìlú Najrani ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí wọ́n wá bá Ànábì ní Mẹ̀dínà, tí ó sì gbà wọ́n lálejò nínú mọ́sálásí rẹ̀. Mo béèrè bóyá mo lè fi nǹkan sí sàráà, ó ní ta ni yóò kọ oore.

Òde ni Alàájì ti ní kí n gbójú sókè. Mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá fún ogún ọdún, n kò sì wò ó rí. Iṣẹ́ ọnà ojú ilé náà jọ ti àwọn ilé Àgùdà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti Brasil padà wá, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ní ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Abdullah Quilliam, òyìnbó tí ó gba Ìsìláàmù, wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súltáànì Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì, ibẹ̀ sì ni Shitta ti gba oyè Bey tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ dòní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi dúró lójú ọ̀nà ni orúkọ àwọn àlejò ọjọ́ náà. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. James Pinson Labulo Davies wà níbẹ̀, àti John Otunba Payne, àti Richard Beale Blaize, gbogbo wọn Kristẹni, gbogbo wọn ẹni ńlá ní Èkó. Mo ti ń rò pé èmi ni mo ń ṣe ohun tuntun. Àwọn baba ìjọ ti wá bá wọn yọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi.

Oṣù tí ń bọ̀ ni àdúà ọdún kejì fún bàbá Alàájì, nínú mọ́sálásí àdúgbò wọn tí mo jókòó sí òdìkejì títì rẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè fún mi, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ó ní òpó ilé kan wà lẹ́yìn ní apá òsì, pé òun yóò tẹ́ ẹní síbẹ̀ dè mí kí èrò tó dé.